Ọjọ́ Tí Bàbá Fọ́mánù Kọ̀ Láti Dá

Nígbà ayé SAP, tí owó oṣù tíṣà kò tó jẹun mọ́, mo wá iṣẹ́ kan kún iṣẹ́ ilé ìwé tí mò ń ṣe ní Agége. Tí mo bá ti pariwo mọ́ àwọn ọmọ láti àárọ̀, màá tún wọ́ ara mi lọ sí Ìkẹjà, sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun búláńkẹ́ẹ̀tì, láti kọ́ àwọn fọ́mánù ní Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé o. Ibi tí iṣẹ́ dé, ohun tó kù, ọjọ́ tí yóò parí: ohun tí ọ̀gá àgbà fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn nípàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́mánù tí kò bá lè sọ ọ́ bó ṣe fẹ́, ipò á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá kan wà láàárín wọn, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti jẹ́ fọ́mánù kí n tó jáde ilé ìwé. Ó mú bí abẹ, ṣùgbọ́n olórí kunkun ni. Kò jẹ́ dárúkọ ọjọ́ tí kò tíì dé kó má fi “inṣá Allāhu” tì í. Ọ̀gá àgbà sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lẹ́nu wọn, pé tí òun bá ti gbọ́ ọ, òun mọ̀ pé iṣẹ́ ò ní í parí nìyẹn.

“Bàbá, ẹ kàn sọ pé Tọ́sìdè, kẹ́ ẹ dákẹ́ síbẹ̀.”

“Tíṣà, ṣé èmi ni mo ni Tọ́sìdè ni?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, torí ilé ni mo fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí èmi náà sí, n kì í sọ pé mò ń bọ̀ lọ́la láìfi “lágbára Ọlọ́run” sí i.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá ní kí n wá jókòó nípàdé, mo sì tọrọ àyè nílé ìwé. Bàbá dìde, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó já geere ròyìn iṣẹ́: ẹ̀rọ kan ti dákẹ́, páàtì tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe ṣì há sí èbúté. Ó ní iṣẹ́ á parí ní Tọ́sìdè, inṣá Allāhu.

Ọ̀gá ní, “Yọ Ọlọ́run kúrò níbẹ̀. Ṣé yóò parí àbí kò ní í parí?”

Bàbá wo ojú mi. Mo wolẹ̀.

Ó ní, “Tá a bá yọ Ọ́ kúrò, sà, a jẹ́ pé n ò mọ̀.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ọkùnrin kan tó máa ń yára sọ̀rọ̀. Ìyẹn ní, “Tọ́sìdè, sà,” wàràwàrà. Tọ́sìdè dé, iná ò sí láti àárọ̀, páàtì ò dé, iṣẹ́ ò parí. Ó dá ọjọ́ mìíràn, ọ̀gá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá padà sídìí ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ lásán. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo tún lọ kọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo bi fọ́mánù tuntun pé ìgbà wo niṣẹ́ ń parí. Ó dárúkọ ọjọ́ kan fún mi, ó sì dákẹ́ síbẹ̀.

Mo ní ó káre.