Ọrùn Mi Kò Yí Mọ́, Mo Ṣì Ń Gun Kẹ̀kẹ́

Iṣẹ́ POP ni mò ń ṣe, àjà funfun tí àlejò máa ń kọ́kọ́ gbójú sókè wò bó bá wọ ilé tuntun. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, láti Ajah dé Ṣàngótẹ̀dó, títí dé àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ fún òṣìṣẹ́ lápá Lẹ́kkí Free Zone. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, òkè ló ń wò láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. A ó dúró lórí pákó, a ó ká ọrùn sẹ́yìn, a ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, POP tútù á sì máa kán sí wa lójú. Nígbà tí mo ṣì lágbára, bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo kàn máa ń mi orí sọ́tùn-ún sósì, egungun á dún kó, ó parí. Ẹ̀rín la fi ń rín in.

Àlàájì ló dá mi padà sórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n kọ́lé sínú ẹ́sítéètì kan nítòsí Ajah, èmi ni mo ṣe àjà pálọ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ parí iṣẹ́, mo rí kẹ̀kẹ́ méjì tí wọ́n gbé ti ògiri níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, eruku ti bò wọ́n. Ti àwọn ọmọ wọn ni, àwọn yẹn ti lọ sí òkè òkun. Àlàájì rí i pé mò ń wò wọ́n, wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n gùn. Mo ní orí rẹ̀ ni mo dàgbà sí ní Ìjẹ̀bú, kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni mo fi ń kó gbágùúdá bọ̀ láti oko. Wọ́n ní kí n gùn ún kí àwọn rí i. Tèmi ti aṣọ iṣẹ́ tí POP ti gan mọ́ lára, mo gùn ún, mo yí ọgbà wọn po lẹ́ẹ̀mẹta. Àlàájì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá ibi jókòó. Wọ́n ní kí n máa gbé ọ̀kan lọ sílé, kìkì pé kí n máa bọ̀ láràárọ̀ Sátidé, kí a jọ máa jáde.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á ti dúró dè mí lẹ́nu géètì. A ó gba ojú ẹ́sípíréèsì lọ sí Ṣàngótẹ̀dó kí ọkọ̀ tó pọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun á máa fẹ́ láti ọwọ́ ọ̀tún, òórùn búrẹ́dì gbígbóná á pàdé wa lọ́nà. Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, mo bí ọmọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ yẹn bá ti gba eré, tí taya rẹ̀ ń dún lórí ọ̀dà, n kì í rántí pé ẹnikẹ́ni ń retí nǹkan lọ́wọ́ mi.

A gùn ún tó ọdún méjì kí ọrùn tó bẹ̀rẹ̀. Èjìká òsì ló kọ́kọ́ ń ro mí, mo rò pé mo sùn lé e ni. Nígbà tó yá, ìrora náà gun ọrùn lọ, ó tún sọ̀ kalẹ̀ sọ́wọ́, ìka mẹ́ta á máa ṣe pajápajá bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú wọn. Mo ra oògùn, mo fi òrí pa á, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kan ní Ṣàngótẹ̀dó, mo wà lórí pákó, mo gbé abọ́ POP lọ́wọ́ òsì. N kò mọ ìgbà tó bọ́. Ọwọ́ mi ṣí fúnra rẹ̀. Abọ́ náà já sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bà á lórí. Ó gbójú sókè wò mí, èmi náà ń wo ọwọ́ mi.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò egungun ọrùn mi. Dókítà tó dá mi lóhùn, ọmọbìnrin tí mo lè bí, gbé fọ́tò náà síwájú iná, ó fi bírò tọ́ka sí i. Ó ní àwọn egungun kan ti jẹ, wọ́n sì ti fún iṣan tó ń lọ sí apá mọ́lẹ̀. Ó ní kì í ṣe ohun tí yóò lọ tán, ohun tí a ó máa tọ́jú ni. Ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sọ. Ó bi mí bóyá nǹkan mìíràn wà tí mò ń fi ara ṣe, mo bá mẹ́nu ba kẹ̀kẹ́. Ó ní báwo ni mo ṣe ń jókòó lórí rẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú níbẹ̀ kí n fi hàn án, àyà nílẹ̀, ojú lókè. Ó mirí.

Ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ò lè fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ yìí, ẹ fi sílẹ̀."

Iṣẹ́ ló ba ọrùn mi jẹ́, àwa méjèèjì la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni yóò lọ, nítorí òun ni kò bọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gba oògùn, mo gba kọ́là tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn, mo dúpẹ́, mo jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi yẹra fún kẹ̀kẹ́. Láràárọ̀ Sátidé, mà á jí lásìkò tí mo máa ń jí, mà á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kọ́là lọ́rùn, títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere. Ìrora kò dín. Mo ti rò pé bí mo bá fi ohun tí mo fẹ́ràn sílẹ̀, ara á ṣàánú mi.

Ìyàwó mi, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, kì í sì í fi ti ìjọ ṣeré. Ó mú mi lọ bá Màmá aríran wọn. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ àánú, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àdúrà nínú ọgbà ìjọ, fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n máa gbàdúrà. Mo lọ. Ṣùgbọ́n ọrùn ò jẹ́ kí n lè fẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì jẹ́ kí n dojú bolẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi ń sùn, bó bá rẹ ẹ̀gbẹ́ yẹn, mà á dìde jókòó. Mò ń gbọ́ orin àwọn obìnrin nínú ilé àdúrà, mo sì mọ̀ lọ́kàn mi pé àdúrà kẹ̀kẹ́ ni mò ń gbà ju àdúrà iṣẹ́ lọ. Ojú tì mí. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó mi ń retí kí Màmá sọ pé wọ́n ríran sí kẹ̀kẹ́ náà, kí ọ̀rọ̀ lè parí. Màmá ní àwọn kò rí nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní kí n máa lo oògùn dókítà. A rìn títí a fi fẹ́ẹ̀ délé.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ̀yin náà gbọ́ pé wọn ò ní kí ẹ máa gùn ún o."

Mo ní mo gbọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bọ́ kọ́là sílẹ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bá Àlàájì. Ó dùn mí, ó sì dùn mọ́ mi, n kò mọ èwo ni kí n sọ fún wọn. Wọ́n wò mí bí mo ṣe gbé èjìká kan sókè bí adìẹ tí òjò pa, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ajah. Ọkùnrin náà tú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi, ó gbé e lọ fún wẹ́dà, wọ́n jó irin gígùn mọ́ ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo ń jókòó gangan bí olùkọ́ ayé àtijọ́ tó ń lọ sílé ìwé. N kò tẹ̀ síwájú mọ́, n kò gbójú sókè mọ́. Ìrora dín díẹ̀.

Ohun tí irin kò lè ṣe ni pé kó bá mi yí ọrùn. Ọrùn mi ò lọ sósì rárá, ti ọ̀tún náà kò ju díẹ̀ lọ. Bí mo bá fẹ́ wo ẹ̀yìn, àti ìbàdí ni mo gbọ́dọ̀ yí, kẹ̀kẹ́ á sì wọ́ sáàárín títì. Mo so dígí ọ̀kadà mọ́ ọn, ó ń gbọ̀n ṣáá, ìgúnpá ara mi nìkan ni mò ń rí nínú rẹ̀.

Àlàájì ní, "Máa lọ níwájú. Èmi á máa wo ẹ̀yìn fún ẹ."

Àgbàlagbà tó ju mí lọ lọ́pọ̀ ọdún ló wá ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Wọ́n á ní, "Tírélà," mà á sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n á ní, "Ó ti kọjá," mà á padà. Nígbà mìíràn, a óò máa bá ìtàn lọ, èmi níwájú, ohùn wọn lẹ́yìn. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. N kì í rí wọn tí a bá ti gbéra, ohùn wọn nìkan ni mo ní.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi dúró káàkiri ojú ọ̀nà. Ṣàngótẹ̀dó la ti ń padà bọ̀. Mò ń sọ fún Àlàájì nípa onílé kan tó ní kí a tú àjà ilé òun lẹ́ẹ̀mẹta, tó tún padà wá yan èyí àkọ́kọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àlàájì, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ fún un?" Wọn kò dáhùn. Mo rò pé wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ ni, mo ń bá ìtàn lọ. Mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà náà ni mo gbọ́ ariwo ènìyàn lọ́nà jíjìn, mo sì pe Àlàájì lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ohùn.

N kò lè yíjú. Mo tẹ bíréèkì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wá ń yí gbogbo ara mi pa pọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń yí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo yí tán, ibi tí wọ́n wà sí mi tó pápá bọ́ọ̀lù méjì, àwọn ènìyàn ti ṣù bò wọ́n. Màrúwà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ló yà fún kòtò omi, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá wọn ṣubú. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń rojọ́ onílé, ojú títì lásán ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo sáré, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dùn mí dé ọrùn. Àlàájì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ojú wọn là, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n rí mi. Wọ́n ní kí n gbé àwọn dìde díẹ̀, omi ń wọ aṣọ àwọn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn, mo gbé. Ọwọ́ ọ̀tún gbé e, ti òsì kọ̀ jálẹ̀. Mo tún gbìyànjú. Orí wọn fì sẹ́yìn, wọ́n kérora. Obìnrin kan tó ń din àkàrà létí títì àti ẹni tó wa Màrúwà náà sún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Obìnrin náà ní, "Ẹ yẹra, sà, ẹ jẹ́ ká gbé wọn."

Mo yẹra. Wọ́n gbé wọn sínú Màrúwà, mo sì mú bàtà Àlàájì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kan. Òun nìkan ni mo lè gbé.

Egungun ìbàdí ló ṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ọmọbìnrin wọn àgbà sì ti òkè òkun dé. Ó pinnu pé bàbá àwọn kò lè máa dá gbé nínú ilé alátẹ̀gùn mọ́, kí àbúrò bàbá tó wà ní Ìbàdàn máa tọ́jú wọn. Mo lọ bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo ṣàlàyé pé iwájú ni mo wà, pé n kò rí wọn nígbà tí wọ́n ṣubú. Ó ní kò sẹ́ni tó ń bá mi wí. Ó ní, "Ẹ ò ṣe nǹkan kan, sà." Òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Kí wọ́n tó gbé wọn lọ, Àlàájì bi mí bóyá mo ṣì ń gun kẹ̀kẹ́. Mo ní n kò tíì gùn ún láti ọjọ́ náà.

Wọ́n ní, "Máa gùn ún. Má kàn gbé e dé ojú ọ̀nà ńlá."

Mo ní, "Ta ni yóò máa wo ẹ̀yìn, sà?"

Wọ́n ní kí n bá àwọn bu omi. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún bù ú.

Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ti ń fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí aláìsàn máa ń dì mú rìn láti yàrá dé pálọ̀, wọ́n sì máa ń ráhùn pé Ìbàdàn ti pọ̀ ní òkè jù fún kẹ̀kẹ́, bí ẹni pé òun ni ìṣòro wọn. Èmi ṣì ń ṣe POP. Ilẹ̀ ni mo sábà máa ń wà, mò ń pò ó, mò ń dà á sínú àwo, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á gbé e gòkè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ míì, ènìyàn kì í pé, mà á gun pákó. Dókítà kọ́ mi ní eré ìdárayá kan fún ọrùn, mò ń ṣe é láràárọ̀. Nígbà tó bi mí nípa kẹ̀kẹ́, n kò parọ́ fún un. Ó kọ nǹkan sínú ìwé, kò kà á sí mi létí.

Ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti ń gùn ún, nínú ẹ́sítéètì tí wọn kò tíì kọ́ tán. Wọ́n ti da ọ̀dà sí ojú ọ̀nà rẹ̀, àmọ́ ilé kò tíì pọ̀, ewúrẹ́ ló sì ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀ láràárọ̀ Sátidé. Yíyí ni mò ń yí i po. Kò ní ibi tí mò ń lọ. Ìyípo kẹta tàbí ìkẹrin ni ara máa ń yá, afẹ́fẹ́ á wọ inú ẹ̀wù mi, inú mi á dùn débi tí mà á gbàgbé. N kò lè sọ pé mo ṣẹ́gun nǹkan kan. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, ọwọ́ yìí lè kọ̀ mí sílẹ̀ lórí bíréèkì. Mo mọ̀ ọ́n, mo tún ń gbé kẹ̀kẹ́ jáde.

Ní Sátidé tó kọjá, mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Nígbà tí mo délé, n kò lè gbé ọwọ́ dé orí láti bọ́ akoto. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi jáde síta pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó wò mí, ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó tú okùn akoto lábẹ́ àgbọ̀n mi, ó sì rọra yọ ọ́ kúrò lórí mi. Kò sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Ó ní omi gbígbóná ti wà ní balùwẹ̀.