Ikú Tí Mi Ò Lè Dárúkọ Lójú Awakọ̀

Mo rántí ìgbà tí mo ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì. Iṣẹ́ mi ni láti ka fọ́ọ̀mù fún àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí n sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ líle-líle inú rẹ̀ fún wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, orí mi sì ń wú pé èmi ni agbẹnusọ àwọn àgbà. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé mi ò tíì mọ nǹkan kan?

Lọ́jọ́ kan, bàbá awakọ̀ kan tó ń kó pákó láti Ìyìn wọlé wá. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní kó wá gba ìwé ìnṣọ́ránsì, òun kò mọ̀ ju pé ó ń ran onímọ́tò lọ́wọ́. Àyè méjì wà lórí fọ́ọ̀mù. Èkíní ń béèrè ẹni tí a ó pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Èkejì ń béèrè ẹni tí yóò gba owó lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo túmọ̀ èkíní dáadáa. Nígbà tí mo dé orí èkejì, ẹnu mi wúwo. Báwo ni ọmọ tí a kọ́ nílé yóò ṣe wo ojú ẹni tó tó bàbá rẹ̀, kó ní, "Bí ẹ bá kú"? Mo ní, "Bàbá, bákan náà ni èyí. Ẹni tí a lè tètè rí ni wọ́n ń fẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kọ àbúrò mi sí méjèèjì. Inú Adó níbí ló wà. Oko ni ìyá àwọn ọmọ mi máa ń wà, fóònù rẹ̀ kì í lọ." Mo kọ ọ́, ó tẹ̀ka. Inú mi dùn pé mo bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Kò pé ọdún méjì tí ọkọ̀ pákó náà fi dojú dé, tí bàbá náà sì kú. Àbúrò gba owó, òfin sì gbè é lẹ́sẹ̀. Kò fi kọ́bọ̀ ran ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọbìnrin àgbà ilé náà fi ilé ìwé sílẹ̀. Nígbà tí opó náà wá sí ọ́fíìsì, kò béèrè owó. Ó ní kí n ka orúkọ tí ọkọ òun fi sílẹ̀. Mo kà á. Ó ní, "Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélógún ni mo lò ní ulé rẹ̀. Ṣé kò rántí mi rárá ni?"

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi jókòó lẹ́yìn mi, ẹ̀rù sì bà mí kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, Ìyá." Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tèmi ò tilẹ̀ dé ọjà.

Mo ti ní ọ́fíìsì kékeré tèmi báyìí, gbangba ni mo sì ń bi àwọn tó bá wá gba ìwé pé, "Bí ẹ bá kú, ta ni kó gbà á?" Àwọn mìíràn á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn á bínú jáde. Mi ò bẹ̀ wọ́n.

Ọdún tó kọjá ni mo tó lọ sí Ìyìn láti jẹ́wọ́. Wọ́n ti sin opó náà. Ọmọbìnrin àgbà yẹn ni mo bá, tó ń bó ẹ̀gúsí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìyá mi bẹ̀ wá pé kí a má sin òun sí ẹ̀gbẹ́ bàbá wa. A sì gbọ́ tirẹ̀." Sàréè bàbá wà níwájú ilé. Ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí sàréè ìyá rẹ̀ dá wà. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ fún ilẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀.