Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Lọ Bẹ̀ Láìṣẹ̀

Ní Savalou, nílé ọ̀gá obìnrin tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, tí mo ń pè ní Tàǹtí, láràárọ̀ ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, kò sì ní í dáhùn.

"Tàǹtí, ẹ káàárọ̀."

Á gba iwájú mi kọjá, á bọ́jú, á ṣí fèrèsé. Nílé wa ní Lougba, lágbègbè Bantè, ọmọ tó bá kúnlẹ̀ kí àgbà kì í dìde títí àgbà yóò fi dá a lóhùn. Nítorí náà mo máa ń wà níbẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ náà a máa tutù wọnú eegun, síbẹ̀ n kò lè dìde, kó má baà dà bí ẹni pé èmi náà ń bínú.

Ọdún mẹ́ta ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ọ̀gá mi àti bàbá mi fẹnu kò sí. Bàbá mi ti sọ fún mi pé bí mo bá padà wálé kí wọ́n tó tú mi sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, òun kò ní kọ́ mi níṣẹ́ mìíràn, kajú ni màá máa ṣà lóko títí wọn yóò fi fún mi lọ́kọ. N kò tíì lò tó ìdajì, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rò ó pé kí n sá lọ.

Mo wá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi. Bóyá ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi irin ìlọṣọ jó ni. Bóyá Ìṣà, èdè ilé wa tí mo ń sọ, ni kò dùn létí rẹ̀. Bí ó bá pòṣé, èmi ni. Bí ó bá gbé àwo kalẹ̀ tó dún, èmi ni. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀nba tí mo ń sọ náà tún dín kù.

Nígbẹ̀yìn, mo lọ bá ìyá àgbàlagbà kan, ará Nàìjíríà, tó ń ta epo ọkọ̀ nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, pé kó bá mi bẹ ọ̀gá mi.

"Kí lo ṣe fún un?"

"N kò mọ̀, mà."

"O ò mọ̀? Ẹ̀bẹ̀ kí ni kí n wá bẹ̀ báyìí?"

Síbẹ̀ ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún gèlè wé, ó tẹ̀ lé mi. Mo kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ ọ̀gá mi, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi forí ji ọmọ yìí. Ohun yòówù kó ṣe, ọmọdé ló ń ṣe é."

Ọ̀gá mi dá ẹ̀rọ dúró. "Ìyá elépo, ta ló ṣẹ̀ mí?"

"Ó ní ẹ kì í dá òun lóhùn láàárọ̀."

"Ìyẹn náà? Bí gbogbo ẹni tí n kò dá lóhùn bá ń mú àgbà wá, ṣé yàrá yìí á gbà wọ́n?" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, ṣé o rò pé ìwọ ni mo ń rò bí mo bá jí?"

Ìyá elépo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí! Mo fi epo mi sílẹ̀ lásán!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju àìdáhùn lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fẹ́ iná èédú lẹ́yìn ilé, mo rí i pé òótọ́ ni. Ohun kan wà tó ń bá obìnrin yìí jí, kì í ṣe èmi. N kò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo kí i. Ó kọjá. Mo dìde.

Ilé náà kò torí ìyẹn rọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tí mo rò pé ó kórìíra mi, mo ní ìdí tí mo fi lè sá. Ní báyìí, àárò ilé nìkan ló kù, bàbá mi kò sì ní gba ìyẹn.

Lọ́sẹ̀ yẹn, tákísì kan dúró ra epo lọ́dọ̀ ìyá elépo, mo wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Awakọ̀ yọ orí síta. "Àbúrò, àyè ẹnì kan ló kù. Ṣé Bantè ni?"

Ọ̀gá mi kò sí nílé. Kò sẹ́ni tí ì bá dá mi dúró.

"Rárá," mo ní, "ẹ máa lọ."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí eruku ọkọ̀ náà fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo lọ gbá àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀.