Ewú Yèyé, Ẹ̀wù Yèyé

Nígbà tí mo wà ní kékeré débi pé gbogbo ara mi lè wọ inú ẹ̀wù Yèyé kí bọ́tìnì rẹ̀ sì tún pa dé, Ẹ̀fọ̀n, ìlú wa, tutù ju báyìí lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lórí òkè níbẹ̀, ẹ ó rántí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kùrukùru á ti bo gbogbo òkè, a ò ní rí ilé kejì, ohùn àkùkọ nìkan la ó máa gbọ́. Màámi á ní ká lọ wẹ̀. Àwa á fi omi pa ojú àti orúnkún, a ó fi òróró ra á kó lè máa dán bíi ti ẹni tó wẹ̀, a ó sì sáré lọ sídìí ààrò Yèyé.

Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Ọmọ Ìpotì ni, ọkọ ló gbé e dé Ẹ̀fọ̀n. Ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò ti jókòó lórí àpótí, iṣu á wà nínú ẹ̀yinná, epo pupa oníyọ̀ á wà nínú àwo tánganran kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yóò ṣí ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, èmi á kó sínú rẹ̀, òun á sì pa á dé mọ́ mi. Òórùn àdín, èéfín àti káńfọ̀ ló kún inú ibẹ̀. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn káńfọ̀, iṣu sísun ló máa ń wù mí jẹ.

Ẹ̀wù tí mò ń sọ yìí, kóòtù òyìnbó ni o. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n, ó gùn dé ojúgun Yèyé, bọ́tìnì rẹ̀ sì tóbi. Ọ̀kan ti já sọnù kó tó di tirẹ̀, ló bá mú owó ẹyọ kan tó ti lu ihò sí, ó rán an síbẹ̀. Ó ní èyí gan-an ló sọ kóòtù náà di tòun. Òkìríkà ni. Ìyá Òṣogbo ló tà á fún un, obìnrin kan tó ti ìlú rẹ̀ wá ń gbé láàárín wa, tó máa ń da aṣọ jọ gègèrè sórí tàpólì lọ́jà.

Bọ̀síkọ̀nà la tún ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì tíì gbàgbé ìdí rẹ̀. Èèyàn pàtàkì kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ aṣọ àlòkù. Wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á bọ́ sí kọ̀nà lẹ́yìn ìsọ̀, kí Ìyá Òṣogbo kó aṣọ lọ bá wọn níbẹ̀. Bí wọ́n bá wá wọ̀ ọ́ jáde, wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n àwọn ló fi ránṣẹ́ láti Èkó. Háà, ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní Èkó pọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n nígbà náà!

Yèyé ò bọ́ sí kọ̀nà kankan. Ojú ọjà ló ti máa ń wọ̀ ọ́ wò. Á na apá, á yí po, á bi àwọn aláta bó bá yẹ òun. Ó ní bí èèyàn bá máa wọ aṣọ lójú gbogbo ayé, kí ló dé tó máa rà á níkọ̀kọ̀? Lára aṣọ rẹ̀ ni ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tó fi ń lọ sóko kòkó àti síkáàfù olódòdó tó máa ń so mọ́ ọrùn lórí ìró kíjìpá. Ẹ má rò pé ó kàn ń kó nǹkan bọ ọrùn o. Á tẹ́ wọn sórí ẹní, á gbé èyí lé èyí, á fà sẹ́yìn wò ó, á tún un gbé, títí yóò fi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ á gba èsì lójú ẹsẹ̀: "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Àwa ọmọdé bẹ̀rù kóòtù náà díẹ̀. Àwọn ọmọ ilé kejì ti sọ fún wa pé aṣọ òkú òyìnbó ni, pé ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbà á. Bí a bá ń ṣe bojúbojú, tí ẹnì kan sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n sá a sí lórí okùn, kì í pẹ́ tó fi ń jáde fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n wá a. Yèyé gbọ́. Ó ní kí òyìnbó náà máa bọ̀, òun á gún iyán fún un, nítorí ẹni tó bá ti Ìlú Òyìnbó fẹsẹ̀ rìn dé Ẹ̀fọ̀n, ebi á ti pa á.

Màámi nìkan ni kì í bá wa rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ kóòtù yìí. Tísà ni Màámi, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Yèyé á pe ilé ní "ulé", á pe iṣu ní "uṣu", bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, àwa náà á pè é tẹ̀ lé e. Bó bá bọ́ sí etí Màámi, ìyà wa ni ìka kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, títí itan yóò fi máa gbọ̀n. Yèyé á wá máa bẹ̀bẹ̀ fún wa: "Ìyàwó mi, dárí jì wọ́n, èmi ni mo kọ́ wọn."

Kì í ṣe pé Màámi kórìíra kóòtù. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń bẹ̀rù fún. Níbi tí wọ́n bí wa sí, bí ìyá ọkọ bá rí wúruwùru, ìyàwó ni wọ́n ń bú. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó gbọ́ tí àwọn ìyá kan ń sọ pé tísà ń wọ gáùn tuntun, ó sì fi ìyá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú aṣọ òkú, pé orí ìyá náà ti funfun nítorí ìyà. Ó délé, kò jẹun. Mo rí i tó ń fi etí ìró nu ojú nídìí ìkòkò, iná ò sì tíì jó débi tí èéfín á fi wà. Ó dùn mí wọnú eegun. Ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀ wa, ti Yèyé ni. Omi gbígbóná àkọ́kọ́ láàárọ̀, ti Yèyé ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti fi hàn wọ́n?

Màámi alára ti ń hu ewú díẹ̀ níwájú orí. Lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń fi ẹsẹ̀ kan ta súwè níta, á pè mí, á gbé orí lé itan mi, kí n máa fi èékánná fa ewú náà tu. Bí mo bá fa ọ̀kan, á ní "yéè!", á sì ní kí n wá òmíràn. Yèyé á máa wò wá láti ẹnu ọ̀nà. "Adìyẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà," á ní, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ìkórè àwọn ọmọdé kù sí dẹ̀dẹ̀ lọ́dún kan, Màámi pinnu pé ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ tán. Ó ra àǹkárá tuntun, ó rán ìró àti bùbá fún Yèyé, ó ra gèlè tì í. Ó tún ra ìgò dáì kan tí wọ́n fi ń sọ ewú di dúdú. Yèyé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbàdúrà títí ẹsẹ̀ fi ń dùn wá lórí ìkúnlẹ̀, ó sì kó aṣọ náà sínú àpótí rẹ̀. Dáì ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì la rí i lára bàtà bàbá mi tó ti ń ṣí láwọ̀. Yèyé ti fi kùn ún, ó ti fi àdín ra á, bàtà náà ń dán gbinrin. Bàbá mi wọ̀ ọ́ jáde, ó rò pé Màámi ló kùn ún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Màámi kúnlẹ̀ fún Yèyé. "Ẹ jọ̀ọ́ Yèyé, nítorí tèmi ni. Ọjọ́ Ìkórè nìkan, ẹ wọ àǹkárá náà." Yèyé ní òun ti gbọ́. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé bí àgbà bá ní òun ti gbọ́, kò tíì ní òun gbà.

Èmi ni wọ́n fún ní àkọ́sórí lọ́dún náà, ẹsẹ Bíbélì kan tó fi orí ewú wé adé. Màámi fi kọ́ mi nídìí odó, ó fi kọ́ mi lójú ọ̀nà odò. "Ewú ni, kì í ṣe ẹ̀wù," ló ń sọ. "Gbé ohùn rẹ sókè níparí." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀wù ni gbogbo ilé ń sọ láàárọ̀ àti lálẹ́: ṣé Yèyé á wọ ẹ̀wù náà, àbí kò ní wọ̀ ọ́? Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìkórè, orí mi ti dà rú.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n to iṣu àti odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú pẹpẹ, òórùn ọsàn gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Àyè Yèyé ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà ṣáá. Wọ́n pe orúkọ mi. Mo dúró níwájú, mo la ẹnu, ni Yèyé bá wọlé. Gèlè tuntun wà lórí rẹ̀. Kóòtù àgbálùmọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó pa á dé láti òkè délẹ̀. Màámi sorí kọ́. Ọ̀rọ̀ dà rú mọ́ mi lẹ́nu, mo sì fi gbogbo agbára mi kígbe pé adé ni orí ẹ̀wù.

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tísà ló ṣi ọ̀rọ̀ pè! Àwọn ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló rẹ́rìn-ín jù, wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn, wọ́n ń wo kóòtù, wọ́n ń wo Màámi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀.

Yèyé ò tíì jókòó. Ó nawọ́ sókè. "Ẹ má fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín," ó ní, "kò purọ́." Ó sún gèlè sẹ́yìn títí orí rẹ̀ funfun fi yọ. "Èyí, ewú ni. Mi ò yàn án, òun ló yàn mí, mo sì gbà." Ó wá di etí kóòtù mú. "Èyí, ẹ̀wù ni. Èmi ni mo yàn án, lójú ọjà, gbogbo yín lẹ rí mi." Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnì, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, ó tú owó ẹyọ kẹ́yìn, ó ṣí kóòtù náà gbayawu. Àǹkárá tuntun ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìró àti bùbá, ó ń tàn yinrin. "Èyí ni ìyàwó mi rán fún mi. Ó ní kí n wọ̀ ọ́, mo wọ̀ ọ́. Òtútù Ẹ̀fọ̀n ló ní kí n gbé èyí lé e. Ẹni tó bá ní ìyàwó mi ò tọ́jú mi, kó wá fọwọ́ kàn án wò."

Bàbá ìjọ wúkọ́. Màámi dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Yèyé láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sunkún láìfi ojú pamọ́. Yèyé fi apá kan kóòtù bò ó léjìká, bó ṣe máa ń fi bò mí nídìí ààrò. Àtẹ́wọ́ ni mo gbọ́ kẹ́yìn. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà dúró níwájú ìsọ̀ Ìyá Òṣogbo, lójú gbogbo èèyàn, ó ń béèrè bóyá kóòtù bẹ́ẹ̀ ṣì kù.

Màámi ò tún pè mí wá tu ewú mọ́. N kò tètè fura. Mo kàn rí i pé mo ti ń ráyè ta súwè lọ́sàn-án Sátidé. Nígbà tí Yèyé lọ, Màámi ló jogún kóòtù náà. Nígbà tí òun náà lọ, ó di tèmi.

Ẹ wá wo ayé òde òní. Àwọn ọ̀dọ́ ń ta òkìríkà lórí fóònù, wọ́n ń pè é ní tírífìtì, wọ́n ń wọ̀ ọ́ ya fọ́tò kí gbogbo ayé lè rí i. Kò sẹ́ni tó ń bọ́ sí kọ̀nà mọ́ nítorí aṣọ. Ewú ló kó lọ síbẹ̀ dípò rẹ̀. A ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ìjerò láìpẹ́ yìí, gbogbo orí ló dúdú bí ìdí ìkòkò àfi tèmi. Ọmọ tó wá ya wá ní fọ́tò kúnlẹ̀ kí èmi nìkan, ó ju ọwọ́ sí àwọn tó kù. Ẹ ò rí bí inú mi ṣe dùn tó!

Dámi, ọmọ mi obìnrin, wá kí mi ní Kérésì tó kọjá. Ó ti máa ń sọ lórí fóònù pé ewú yìí ń ba òun lẹ́rù, pé ó ń rán òun létí pé màá lọ lọ́jọ́ kan. Mo rí ìgò dáì nínú báàgì rẹ̀. Kó tó mú un jáde, ó rí kóòtù níbi tí mo gbé e kọ́. Ó wọ̀ ọ́, ó na apá, ó yí po níwájú dígí. Mo fẹ́ pariwo, àfi bíi pé Yèyé ló dúró síbẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ."

Kò rọrùn fún mi. Mo fi òwú tuntun so owó ẹyọ náà tó ti ń rọ̀, mo sì wí fún un pé: "Ẹ̀wù nìyẹn, máa mú un lọ. Ewú ni kí o fi sílẹ̀ fún mi."

Ó wò mí, ó wo báàgì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń padà sí Adó, mo rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi dáì náà kùn ún dúdú, ó ń dán gbinrin.