Onígbàjámọ̀ Tó Ń Gẹ Irun fún Tàtàṣé

Bí onígbàjámọ̀ àdúgbò wa bá fá orí èèyàn, eṣinṣin tó bá bà lé e yóò yọ̀ ṣubú ni. Kò sí irun tí ọwọ́ rẹ̀ ò ká. Oko tàtàṣé tó dá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Oko náà ò tóbi ju ẹní méjì lọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ń ròyìn rẹ̀, ẹ ó rò pé ọkọ̀ òfuurufú ló fi ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ, ti kìlọ̀: "Bàbá àwọn ọmọ mi, adìyẹ mi ń bọ̀ tí òjò yìí bá dá. Bí ata yín ò bá so kí wọ́n tó dé, ibẹ̀ ni mo máa kó wọn sí."

Ọ̀gá lọ ra ajílẹ̀. Ẹni tó ń tà á gbé oríṣi méjì síwájú rẹ̀: èyí tó ń mú kí ewé pọ̀, àti èyí tó ń ran ata lọ́wọ́ láti tanná kó sì so. Ọ̀gá ò tiẹ̀ rò ó.

"Ti ewé ni kí ẹ fún mi. Ta ló fẹ́ kí orí òun pá?"

Nígbà tí koríko hù, ó mú òòyà àti àlùmọ́gàjí, ó rẹ́ ẹ dọ́gbadọ́gba, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ó wá sún sẹ́yìn bí ẹni ń retí kí koríko béèrè dígí. Kò pẹ́ tó tún hù, ó sì nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá ò bínú. Oníbàárà tó ń padà wá ni iṣẹ́ ń fẹ́.

Ata náà di igbó. Ológbò ilé kejì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ìgbà tó máa fi jáde, ó ti di ìyá ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n òdòdó kan ṣoṣo, kò sí. Aránṣọ kàn ń fi téèpù rẹ̀ wọn ilẹ̀ kiri.

"Kí lò ń wọ̀n?"

"Mò ń rán ṣòkòtò fún adìyẹ ni."

Lọ́jọ́ kan, àgbẹ̀ kan wá gẹ irun. Ọ̀gá ti gẹ apá kan orí rẹ̀ tán kí àgbẹ̀ náà tó bojú wo ìta lójú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbìn síbẹ̀ yẹn?"

"Tàtàṣé."

"Háà. Mo rò pé ẹ̀fọ́ ni."

Ọ̀gá pa ẹ̀rọ ìgẹrun, ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ sọ ohun tó ń ṣe é fún mi ká tó dé apá kejì."

"Ilé àwọn àna mi ni mò ń lọ láti ibí o."

"Èmi náà níyàwó nílé. Ẹ máa wí."

Àgbẹ̀ fọwọ́ kan ibi tí irun ṣì kún, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó mọ̀: ajílẹ̀ ewé ti pọ̀ jù, kí ọ̀gá dá a dúró, kó bu ìkejì díẹ̀ yí i ká, kó má kàn án nídìí, kó fa koríko tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kó sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí òmíràn má baà rí oòrùn.

Ojú ọ̀gá fà ro. "Kí n fà á tu? Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò fa irun ẹnikẹ́ni tu rí."

"Koríko kì í sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, orí mi."

Ọ̀gá fà á. Bó ṣe ń fà á ló ń bẹ koríko: "Pẹ̀lẹ́, ó kù díẹ̀." Nígbà tó yá, òdòdó funfun yọ. Aránṣọ wò ó, ó ní, "Ó dáa. Ṣé òdòdó la máa lọ̀?"

Lọ́jọ́ tí adìyẹ dé, ó gbé àgò wọn lọ sẹ́yìnkùlé, ó bá ọkọ rẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀ lábẹ́ ewé, ìdí lókè.

"Ẹ dìde, àlejò ti dé."

"Wá wo nǹkan."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tàtàṣé kan rèé, tó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo ọkọ rẹ̀, tí erùpẹ̀ kún imú rẹ̀. Ó gbé àgò rẹ̀.

"Ẹ ti gba ilẹ̀. Àdéhùn ni àdéhùn. Ṣùgbọ́n adìyẹ tèmi ò ní sùn sí títì."

Bí ẹ bá lọ gẹ irun níbẹ̀ báyìí, ẹ má kánjú jókòó. Adìyẹ ti bà lé àga ọ̀gá. Ara ò rọ àga, ara ò rọ oníbàárà. Ọ̀gá á ní kí ẹ ní sùúrù díẹ̀, adìyẹ fẹ́ yé ẹyin ni.