Gìtá Tí A Gé Lórí ní Ogunu

Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ tí mo gbéra. Ó bu ẹ̀wà sínú kúlà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì padà wọlé. Láti ìgbà tí rédíò ti sọ pé ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Warri ni ó ti ń bẹ̀ mí pé kí n má lọ. Ṣùgbọ́n Àlàájì Múfú ti pè mí pé ìlú ti rọlẹ̀, pé wọ́n ti ń ná ọjà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó bíi tèmi ni Àlàájì, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Effurun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri. Mo mọ̀ pé kò lè purọ́ fún mi. Kò sì purọ́. Ìlú rọlẹ̀ lóòótọ́ ní ọjọ́ tí ó pè.

Gìtá ni mo ń lọ gbà, gìtá oníná tí a fi ọwọ́ gbẹ́. Oníṣòwò pákó ni mí. Lọ́jọ́ ìsinmi, èmi ni mo ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Ní ọdún tí ó ṣáájú, mo fi ègé igi ọ̀gànwó kan tí ó ti gbẹ dáadáa ránṣẹ́ sí Mista Monday, tí òun àti Àlàájì jọ ń gbé ilé kan náà ní Ogunu, àdúgbò kan ní Warri. Monday ni ó ń gbẹ́ igi. Àlàájì ni ó ń tú wáyà bàbà inú fáànù tí ó ti jóná, tí ó ń wé e mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé ohùn okùn lọ sínú ámpù, ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn di ńlá. Àwọn mélòó kan tí nǹkan yìí ti wọ̀ lára máa ń pàdé nílé wọn. Wọn a máa gbé gìtá fún ara wọn bí àwọn obìnrin ṣe ń gba ọmọ tuntun wò.

Ọ̀nà kò burú láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ọ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀, kòtò ni a ń yà fún títí a fi dé Benin. Níbẹ̀, owó ọkọ̀ Warri ti di ìlọ́po méjì. Mo bi awakọ̀ pé kí ló fà á.

"Oga, na my life dey inside that money," ni ó wí. Ó ní ẹ̀mí òun wà nínú owó náà. N kò ná an mọ́.

Lẹ́yìn Sapele, àwọn sójà ń dá wa dúró léraléra. A ó sọ̀kalẹ̀, a ó gbé ọwọ́ sókè, a ó sì fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó dá ọkọ̀ dúró yóò ṣe àwàdà díẹ̀, yóò gba ohun tí yóò gbà, ó parí. Àwọn wọ̀nyí kò béèrè ohunkóhun. Ìyẹn ni ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Nígbà tí a wọ Ogunu, mo rí ilé kan tí kò ní òrùlé mọ́, tí gbogbo ojú fèrèsé rẹ̀ dúdú, tí aṣọ ọmọdé ṣì wà lórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé.

Monday jáde pàdé mi. Ọkùnrin gbẹ́rẹ́kẹ́ kan ni, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun.

"Oga Planki! Your wood don turn pikin!" Ó ní pákó mi ti di ọmọ.

Wọ́n fún mi ní stáàṣì àti ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń pè ní bànga. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe stáàṣì, wọ́n ń fi epo rò ó títí yóò fi máa fà bíi rọ́bà. Èmi ń rún un lẹ́nu. Àlàájì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rún un. Ẹ gbé e mì, kí ẹ tó jókòó tì í di ọ̀la."

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Monday gbé gìtá náà jáde. Fáníìṣì rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì fúyẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Gbogbo gìtá Monday ni ó máa ń gbẹ́ ṣóńṣó orí rẹ̀ bí àjẹ̀ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń wa ọkọ̀ ojú omi. N kò ní dárúkọ ẹ̀yà rẹ̀, n kò mọ ẹni tí yóò ka èyí. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò yẹn, àjẹ̀ ìhà kan kò jọ ti ìhà kejì. Ẹni tí ó bá rí orí gìtá náà ti mọ ìhà tí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ti wá.

Kò sí iná, ṣùgbọ́n nílé Monday wọn kì í fi ámpù bẹ̀rẹ̀. Wàá gbé egungun àgbọ̀n rẹ lé ara gìtá, wàá sì ta okùn. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kò ní gbọ́ ju bí ìgbà tí èékánná ń họ igi lọ. Nínú orí tìrẹ, ohùn náà yóò kún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a ṣe ń mọ igi tí ó dára nìyẹn, kí mágínẹ́ẹ̀tì tó dá sí i.

Mo rí gìtá àtijọ́ kan lára ògiri tí ojú eyín wà níbi tí ó yọ bí ìwo. Mo ní, "Ta ló ń jẹ gìtá?"

"Eku ńlá kan ni," Àlàájì dáhùn, ó rẹ́rìn-ín.

Monday kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Sikípà ni. Ọkùnrin yìí ti wa ọkọ̀ ojú omi tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo ẹ́ńjìnnì fi di í létí. Tí ó bá gbé àgbọ̀n lé gìtá, kò gbọ́ tó. Àfi kí ó fi eyín dì í mú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Monday ní yàrá yẹn. Mo béèrè ibi tí ó wà.

"He get him own people," ni Monday wí. Ó ní ọkùnrin náà ti ní àwọn ènìyàn tirẹ̀, ní ìhà kejì. Àlàájì ṣẹ́jú sí mi pé kí n má béèrè mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìbọn dún. Ó jìnnà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó dà bíi pé òpópónà kejì ni. A sùn gbalaja lórí ẹ̀ẹ́rún pákó lábẹ́ tábìlì iṣẹ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Monday na ọwọ́, ó fa gìtá náà mọ́ra, ó gbé e ti àgbọ̀n mi, ó sì ta okùn tí ó nípọn jù.

"Hear am. If you hear am, you no go hear that other one." Ó ní tí mo bá gbọ́ ọ, n kò ní gbọ́ ìbọn.

Mo gbọ́ méjèèjì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àlàájì rí awakọ̀ kan tí wọ́n jọ ń kírun, tí ó ń lọ sí Benin. Awakọ̀ náà wo orí gìtá, ó ní, "Pẹ̀lú orí yẹn? Èmi ò gbé e o. Wọ́n á ní èmi ni mò ń wa ọkọ̀ fún ìhà tó ni orí yẹn."

Àlàájì ní kí n máa lọ lọ́wọ́ òfo. Kí n tó dáhùn, Monday ti mú ayùn. "If e stay here, fire go chop am. Make one comot." Ó ní iná yóò jó o bí ó bá kù níbí, kí ọ̀kan nínú iṣẹ́ òun jáde láàyè. Ó gé ṣóńṣó orí gìtá náà kúrò lókè ibi tí wọ́n ń fa okùn sí, láìfọ̀rọ̀ gùn. Ó fi eruku àti ọ́yìlì dúdú pa ojú ibẹ̀ kí ó má bàa jọ ọgbẹ́ tuntun. Ó sì ju ègé tí ó gé sínú àpò rẹ̀, ó ní tí mo bá padà wá, a ó fi gúlù lẹ̀ ẹ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí òun náà wọ ọkọ̀. Ó ní tí wọ́n bá ní kí òun la ẹnu lójú ọ̀nà, ahọ́n òun yóò tú òun fó. Àlàájì ní òun kò lè fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ.

A kò tíì dé Effurun tí àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ apá fi ìbọn dá wa dúró. Wọn kì í ṣe sójà. Wọ́n fà mí sọ̀kalẹ̀.

"Yoruba man, wetin you find come?" Ọ̀kan béèrè ohun tí mo wá dé ibẹ̀. Mo fi gìtá hàn. Òmíràn ní kí n ta á. Mo ta á; kò dún tó ohun tí wọ́n lè gbọ́.

"Guitar wey no get mouth," ni ó wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Gìtá tí kò lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ìbọn.

Ọkùnrin gíga kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ wá síwájú, orí rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gba gìtá náà. Ó fi àtàǹpàkò nu ibi tí a gé, ọ́yìlì dúdú yí i lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó yí ìbọn rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ó fi eyín di ìwo gìtá náà mú, ó ta okùn kan ṣoṣo, ó sì dijú.

Mo rántí gìtá ara ògiri yẹn. Mo ti mọ ẹni tí ó jẹ́.

Ó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Baba still dey that house?"

Ṣé ìfẹ́ ló fi ń béèrè bóyá ọ̀gá rẹ̀ ṣì wà nílé náà ni, tàbí ó ń wá a? N kò lè mọ̀. Mo ní, "I no know any Baba, sir."

Ó wò mí pẹ́. "You do well," ni ó wí. Ó ní mo ṣe dáadáa. Ó dá gìtá padà, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún mi. Bí mo ti jókòó, ó tẹ̀ ba sí fèrèsé: "That Baba wey you no know, make e comot today. Make e pass water. Tomorrow, no be me go dey here." Kí ó jáde lónìí, kí ó gba orí omi, lọ́la, òun kọ́ ni yóò wà níbẹ̀.

Awakọ̀ kò dúró títí a fi dé Sapele. Obìnrin kan ń ta ìpè lábẹ́ agbòòrùn. Mo pe Àlàájì. Mo sọ ohun tí mo gbọ́, mo sì sọ pé n kò mọ̀ bóyá ìdẹkùn ni, nítorí àwọn ènìyàn ọkùnrin náà ni wọ́n mọ orí omi yẹn jù. N kò ní kí wọ́n lọ, n kò ní kí wọ́n dúró. Mo gbọ́ tí Monday gba fóònù.

"He use jaw abi teeth?"

"Teeth." Mo ní eyín ni, kì í ṣe àgbọ̀n.

"He close eye?"

Mo ní ó dijú. Monday ní, a jẹ́ pé ó ṣì ń gbọ́ igi. Lẹ́yìn náà ohùn Àlàájì padà wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ sílé. Ó ti ń kó irinṣẹ́."

Alẹ́ ti lẹ́ nígbà tí mo dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyàwó mi gba kúlà lọ́wọ́ mi, ó ṣí i, ó rí i pé n kò jẹ ju ṣíbí díẹ̀ lọ. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sunkún. N kò gbé gìtá náà jáde ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Èmi náà kò jáde.

Nígbà tí fóònù dún, ohùn Àlàájì ni. Ó ní inú ṣọ́ọ̀bù òun ní Effurun ni àwọn wà, àwọn gba orí omi, ẹnikẹ́ni kò dá àwọn dúró. Ó ní ilé náà kò sí mọ́. Monday kígbe lẹ́yìn rẹ̀ pé orí gìtá mi ṣì wà nínú àpò òun.

Àwọn ará ilé máa ń bi mí bóyá ó yẹ kí ènìyàn lọ sí Warri báyìí. Mo máa ń sọ pé rárá. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀, àti pé kò sì yẹ kí a bínú sí ẹ̀rù nítorí ìyẹn. Sikípà kọ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà; èmi ni mo yí orúkọ rẹ̀ padà níbí.

Làmídì, káfíńtà tí òun náà fẹ́ràn gìtá, wá wò ó ní ọjọ́ kejì ìpè náà. Ó gbé àgbọ̀n lé e, ó gbọ́, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ni ó rí ojú eyín lára ìwo rẹ̀, níbi tí fáníìṣì ti gbẹ lé wọn. Ó mú bébà oníyanrìn láti inú àpò láti fi ra wọ́n kúrò.

"Ta ló gé gìtá yìí jẹ?"

"N kò mọ̀ ọ́n," mo ní. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."