Ẹ Fún Wa Lómi Mu

Mo rántí ìgbà tí ojú máa ń tì mí láti tọrọ omi mu nílé onílé. Ẹni tí wọ́n bí sí Bẹyẹrúńká, nínú agbo ilé tí ẹnikẹ́ni ti lè ké sí ẹnikẹ́ni pé kó bu omi wá, kò yẹ kó ní irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti lọ sílé ọkọ, mo ti gbé láàárín àwọn tó máa ń ti géètì mọ́rí, mo sì ti kọ́ ìgbéraga díẹ̀ bọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó náà tú ká, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo padà sílé bàbá mi lẹ́yìn Mápó, inú yàrá tí ìyá mi lò kó tó kú ni mo sì ń sùn. Dálémosú ni wọ́n ń pe irú wa. Kò sẹ́ni tó fi bú mi lójú ara mi o, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ìyàwó ilé kan bá bímọ, mo máa ń rí i bí ojú àwọn èèyàn ṣe ń lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀. Mo fẹ́ ibi tí mo lè kọ́ yàrá méjì sí, kí n sin ewúrẹ́ díẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sọ fún mi pé kí n sún sẹ́yìn. Ilẹ̀ ìgboro kò ṣeé fọwọ́ kàn, oko ni mo kọjú sí.

Ẹni tí mi ò ní fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ̀ láéláé ni Ìyá Kékeré. Ìyàwó kejì tí bàbá mi fẹ́ ni, orogún ìyá mi. Ọṣẹ dúdú ló ń tà l'Ọ́jà'ba, òórùn àdí kì í sì í kúrò lára rẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ Iléyá. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè máa bá a rìn láti kékeré ni ìbéèrè. Bó bá fẹ́ ra ata, á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyá ọkọ ẹni tó ń ta ata, á béèrè ọmọ tó ń wú ikọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, á béèrè ibi tí wọ́n ti ká ata náà. Kó tó sanwó, ẹsẹ̀ á ti máa ro àwa ọmọdé. Bí ó bá ti ní kí a bá òun dé ọjà báyìí, kálukú á rántí pé òun ní iṣẹ́ iléèwé láti ṣe.

Ọkùnrin tó fẹ́ mú mi lọ wo ilẹ̀ wá tún sòkòtò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ ni. Ó mọ̀ ọ́n kí, àdúrà ò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ tí mò ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀ ilẹ̀, ó ní àgẹ́ńtì ni òun, pé ìdílé kan wà tó fẹ́ ta ilẹ̀ oko kíákíá torí pé wọ́n nílò owó. Ó ní kí n má sọ fún ará ilé mi, nítorí ẹnu ayé ò dára. Ó ní kí n dá wá, kí n sì mú àsansílẹ̀ dání, nítorí àwọn mìíràn ti ń fojú sí i lára. Gbogbo ohun tó yẹ kó bà mí lẹ́rù pátá ni mo kà sí oore. Mo tiẹ̀ rò ó pé Ọlọ́run ló jẹ́ kí sòkòtò náà ya.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, mo wọ bàtà oko tuntun, mo rọra ń yọ́ jáde gba ẹ̀yìnkùlé nígbà tí Ìyá Kékeré gbójú sókè nídìí agbada ọṣẹ rẹ̀.

"Kí ló gbé bàtà yẹn sí ẹ lẹ́sẹ̀?"

Mo ní òwú ni mo fẹ́ lọ rà.

"Òwú wo ni wọ́n ń tà nínú igbó?"

Irọ́ kì í ṣe ohun tí a ń pa fún un. Mo jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò pariwo, àmọ́ ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ta ni ìyá ọkùnrin náà? Mi ò mọ̀. Ilé wo ló ti wá? Mi ò mọ̀. Ta ló ni ilẹ̀? Mo ní ìdílé kan ni. Ó ní, "Ìdílé náà ò lórúkọ?" Nọ́ńbà fóònù nìkan ni mo mọ̀ mọ́ ọkùnrin náà, bí mo sì ṣe ń gbọ́ ìdáhùn ara mi, ara mi ń tutù, ṣùgbọ́n agídí ò jẹ́ kí n gbà.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó gba owó tó wà nínú báàgì mi, ó ní kí n lọ tì í mọ́ yàrá. "Ojú là ń gbé lọ wo ilẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A kì í gbé owó lọ." Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó sọ oríta tí a máa sọ̀kalẹ̀ sí fún un, ó ní kí n kọ nọ́ńbà ọkùnrin náà sílẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi sì dìde wá wa bí kò bá gbóhùn wa títí dìgbà ìrun Alásàrí. Nígbà náà ló wá ró ìró àtàtà, ó di ọṣẹ bíi mélòó kan sínú àpò ọ̀rá, ó ní ó yá. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà: bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Mo bi í pé nínú gbogbo wọn, èwo ni èmi. Ó ní ọmọ ejò.

A wọ ọkọ̀ ní Mọ́lété. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní oríta náà, àgẹ́ńtì ti dúró pẹ̀lú ọlọ́kadà kan. Bó ṣe rí i pé àwa méjì ni, ojú rẹ̀ yí padà bí ti ẹni tó rí eṣinṣin nínú ẹ̀kọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tètè tún ojú náà ṣe.

"Ẹ káàbọ̀, màmá. Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló wà o, kò sì lè gbé gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí màmá jókòó dè wá níbí, a ò ní pẹ́."

"A ó rìn," ni Ìyá Kékeré wí. "Ẹsẹ̀ làwọn bàbá wa fi lọ oko."

A bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àgẹ́ńtì ṣáájú, ó ń sáré bí ẹni tí ìyà ń lé bọ̀. Ilé àkọ́kọ́ tí a dé, Ìyá Kékeré yà síbẹ̀. "Ẹ kúulé o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lómi mu." Omi inú ọ̀rá wà nínú báàgì mi, ó sì mọ̀. Mo fi ọwọ́ kan báàgì náà fún un, kò wo ibẹ̀. Wọ́n bu omi wá, ó mu ún, ó gbé ife náà fún èmi náà, ó fún wọn ní ọṣẹ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Bẹyẹrúńká ni wá, ilé wa kò jìnnà sí Mápó. Ọmọ mi yìí ló fẹ́ ra ilẹ̀. Bọ̀dá yìí ló mú wa wá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Kànga yín yìí, ṣé kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn? Bí òjò bá rọ̀, ṣé odò kì í bo afárá igi tí a gbà kọjá yẹn? Bí ara ẹnì kan kò bá yá lóru, ibo lẹ ń gbé e lọ? Gbogbo ìgbà náà ni àgẹ́ńtì ń kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo ojú ọ̀run, ó ń sọ pé ilẹ̀ ń ṣú, bẹ́ẹ̀ oòrùn wà lágbede méjì ọ̀run.

Ní ilé kejì, ohun kan náà. Mo dúró lẹ́yìn Ìyá Kékeré, mò ń rẹ́rìn-ín sí àwọn onílé bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì pé arúgbó ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ má bínú. Inú ń bí mi gan-an. Mo rò ó pé àwọn mìíràn tó ń fojú sí ilẹ̀ yìí lára á ti rà á tán kí obìnrin yìí tó mu omi yó.

Nígbà tí a fẹ́ dé ilé kẹta, fóònù àgẹ́ńtì dún. Ó sún síwájú díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbé e bọ̀ sọ́dọ̀ wa. "Kò ṣeé ṣe mọ́," ó ní. "Gbogbo ọ̀nà ló ti rí wa." Ó padà wá, ó ní àwọn onílẹ̀ ní àlejò àìròtẹ́lẹ̀, pé ká jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Kò pẹ́ tí ọlọ́kadà ìṣáájú fi dé, ó gùn ún, ó sì lọ. Kò bi wá léèrè bí a ó ṣe délé.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sunkún. Ìyá Kékeré ní tirẹ̀ yà sí ilé kẹta. Obìnrin kan jókòó níbẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó bu omi fún wa, ó gba ọṣẹ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dúpẹ́. Ìgbà náà ló béèrè ibi tí ọkùnrin yẹn ń mú wa lọ. A nawọ́ sí ọ̀nà iwájú.

"Ọ̀nà yẹn ò já síbì kankan, màmá. Àlàpà ilé kan ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀." Ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. "A rí i tó gbé obìnrin kan gba ibí níjọ́sí. Orí ọ̀kadà ni wọ́n wà, wọn ò dúró. A ò mọ̀ bóyá obìnrin náà padà. A ò tiẹ̀ rí ojú rẹ̀."

Mo mu omi tó wà lọ́wọ́ mi tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí, mo sì tọrọ sí i.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, omijé ń bọ́ lójú mi, mò ń díbọ́n pé eruku ni. Ìyá Kékeré jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ṣé o rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ mí? Omi ti ń ro kùlọ̀kùlọ̀ níkùn mi." Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun, nígbà tí wọ́n ń ru ọṣẹ lọ sí ọjà oko, láti abúlé dé abúlé. Ẹni tó fún ọ lómi mu ti wo ojú ẹ, kò sì ní gbàgbé. Bí o ò bá padà kọjá, ó máa béèrè ẹ. "Ohun tó wà nínú ilé ẹni ni omi, ṣùgbọ́n ojú èèyàn là ń tọrọ." Ó gbé orí lé èjìká mi, ó sùn. Òórùn àdí gba imú mi títí a fi dé Mọ́lété, mi ò sì rí òórùn tó dùn tó o rí.

Mo ra ilẹ̀ níkẹyìn, ẹ̀gbẹ́ obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ náà ni, nítorí òun ló júwe ìdílé tó ni ín fún wa. Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni agbo ilé wọn wà, ibẹ̀ ni Ìyá Kékeré sì ti lọ jókòó ti ìyá àgbà wọn lọ́pọ̀ ìgbà kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ owó. Ó ní mi ò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ tí mo wò lẹ́ẹ̀rùn nìkan. Ìgbà tí òjò dé, a lọ. Ìdajì ibi tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ló ti di ẹrẹ̀, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló ń gbé inú yàrá tí mo ti kọ́ lọ́kàn. A mú apá òkè. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀, ó ní kí wọ́n pe àwọn tó bá wa pààlà láti ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó wá bá mi jà nítorí ilẹ̀ rí.

Nígbà tí mo kọ́lé tán, ó wá kí mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó kọ̀, kò wọlé. "Ẹ kúulé o," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi mu." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó ní kí n yéé pariwo, kí n lọ bu omi.

Ó ti kú báyìí. A sin ín sí agbo ilé ní Bẹyẹrúńká, wọ́n sì ti fi ọmọ tuntun sí yàrá tí mo kúrò nínú rẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí. Ewúrẹ́ mi pọ̀ débi pé aládùúgbò ń ráhùn.

Láìpẹ́ yìí, mo wà níwájú ilé nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń bọ̀ lẹ́yìn ọkùnrin kan tó di fáìlì mọ́yà. Bàtà tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ké sí i pé kó wá mu omi. Ó ní, "Ẹ ṣeun mà, mo ní omi lọ́wọ́." Mo ní, "Mo mọ̀. Wá mu ún." Mo gbé ife lé e lọ́wọ́, mo bi í léèrè ilé wọn, mo bi ọkùnrin náà léèrè orúkọ ìyá rẹ̀, mo sì wo ojú àwọn méjèèjì dáadáa. Mi ò mọ̀ bóyá èèyàn rere ni ọkùnrin náà tàbí èèyàn búburú. Nígbà tí wọ́n kọjá, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kọjú sí ọ̀nà, mo sì ń ránṣọ títí mo fi rí bàtà tuntun yẹn tó ń padà bọ̀. Ó juwọ́ sí mi, ó sì rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí arúgbó tó ń yọ èèyàn lẹ́nu. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Èmi náà ti rín in rí.